Ìka Mẹ́wàá Mi Kò Tíì Fẹ̀yìn Tì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì pè mí wọlé lónìí, ó ní kí n jókòó. Ọ̀gá tó bá ní kí èèyàn kọ́kọ́ jókòó ná, ọ̀rọ̀ dídùn kọ́ ló fẹ́ sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ògbufọ̀ fún àwọn adití, wọn ò tíì bí i. Ó rọra ti ìwé kan sí mi lórí tábìlì. Ìwé àṣẹ mi máa parí ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Bí mo bá fẹ́ gba tuntun, màá dúró níwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kọkànlá, màá sì fi ọwọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Bí mi ò bá fẹ́, àyè wà níbi tí wọ́n ti ń to fáìlì.

Ó ní, "Mà, ẹ ti ṣe é tó. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Mo bi í bóyá ẹnì kan ló fẹjọ́ mi sùn. Kò dáhùn tààrà, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní ọsibítù, dókítà ní kí bàbá arúgbó kan máa lo oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo na ìka mẹ́ta, ìkẹta ò nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá rí, ó sì mi orí pé òun ti gbọ́. Mo yára fi ọwọ́ kejì gbé ìka náà dìde, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá rí i, èmi náà sì rí i.

Mo sọ fún ọ̀gá pé màá ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí mò ń jáde, èjìká ni mo fi ti ilẹ̀kùn, kó má baà rí i pé ọwọ́ mi ò lè dì í mú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Ìka mẹ́jọ nínú mẹ́wàá gan bí igi títí di aago mẹ́wàá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Dókítà tẹ oríkèé ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan tòmátì. Ó ní kì í ṣe irú èyí tó máa ń wú tó sì máa ń gbóná. Ó ní iṣẹ́ ló jẹ ẹ́, iṣẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ fítámì, torí gbogbo ẹni tó bá ti rí ọwọ́ mi ló ń ka lẹ́tà kan sí mi létí: A, B, C, D, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sí iléèwé ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní fítámì kì í ṣe òróró tí wọ́n ń kán sí ara ilẹ̀kùn tó ń dún. Bí ara bá ṣaláìní in, ó lè ràn án lọ́wọ́. Bí ara bá ti ní in tó, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á gba ilé ìtọ̀ lọ, òmíràn á sì jókòó sínú ara á di wàhálà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mi ò ní jókòó de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti òwúrọ̀ ọ̀la, màá máa ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Aládùúgbò wa ti gbọ́. Gbogboǹṣe la máa ń pè é, nítorí ìgò kan ṣoṣo tó ń tà ló ń wo orí, ikùn, ojú, àti ìyàwó tó fẹ́ sá lọ. Ó gbé ìgò náà wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ní láàárín ọjọ́ méje ìka mi á máa ká bí okùn. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní àṣírí ni. Mo ní èmi náà ní àṣírí kan: mi ò ní rà á.

Bàbá wọn, ọkọ mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nígbà tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Mo sọ fún un pé tèmi ò wá kèrègbè. Iṣẹ́ mi ló ń wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Èsì ẹ̀jẹ̀ jáde. Fítámì D mi kéré jọjọ. Inú mi dùn bí ẹni tó gbá olè mú. Ohun tí mo ti ń kà sí ọjọ́ ogbó lásán, ó lórúkọ, ó ní iye, wọ́n sì lè ṣe nǹkan sí i. Dókítà kọ oògùn fún mi, ẹyọ kan lójúmọ́. Ó ní kí n máa jẹ ẹja àti ẹyin, kí n sì máa jáde sí oòrùn dípò kí n máa sá wọ abẹ́ òrùlé. Lẹ́yìn náà ló fi tirẹ̀ kún un pé kí n má retí pé màá di ọmọ ogún ọdún. Mo ní ta ló fẹ́ padà di ọmọ ogún ọdún? Ọmọ ogún ọdún ò mọ iṣẹ́ mi.

Obìnrin apòògùn tó wà ní ìkángun òpópónà wa ló ta á fún mi. Bí ẹni tó ń ka ìlànà ló ń sọ̀rọ̀, bíró há sí ẹ̀yìn etí rẹ̀. Mo ní kó fún mi ní ìgò fítámì C náà, torí mo ti gbọ́ pé òun ni ara fi ń ṣe ohun tó so egungun pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ara nílò rẹ̀ fún iṣan àti kèrékèré, ṣùgbọ́n òun ò ní ta á fún mi.

"Ọsàn méjì lójúmọ́ tó yín, Mà. Ẹ má ṣòfò."

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ọlọ́jà tó ń lé owó padà rí. Ó tún kọ́ mi bí mo ṣe máa ká ìka lọ́kọ̀ọ̀kan sínú omi náà, àti bí mo ṣe máa fi àtàńpàkò kan orí ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní fítámì lè bá mi gbé ẹrù, ṣùgbọ́n èmi ni màá rìn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àpótí dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ìfẹ́ rẹ̀ sì máa ń gba inú pósítì wá. Ìgò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù, ó ń kà wọ́n sí mi létí: C, K, àti ọ̀kan tí wọ́n po gbogbo lẹ́tà pọ̀ sí. "Mọ́mì, ẹ lò ó o, mo ti kà nípa rẹ̀." Mo dúpẹ́. Mo tò wọ́n sí ojú fèrèsé ilé ìdáná kí n lè bi apòògùn kí n tó ṣí ìkankan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ọsàn ti gbówó lórí. Owó tó ra mẹ́wàá lóṣù tó kọjá, mẹ́fà ló rà lónìí. Mo ra mẹ́fà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àti nírọ̀lẹ́ bí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Onígbàjámọ̀ ni. Adití ni láti kékeré, òun sì ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ nídìí àga ìyá wa. Dígí ńlá mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó gbé mi jókòó sórí àga oníbàárà, ó gbé ìwé ìròyìn kan síwájú mi, ó ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ní ìṣẹ́jú karùn-ún ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ń kólòlò."

Inú bí mi. Mo ní òun náà ń darúgbó, orí rẹ̀ ti pá, síbẹ̀ orí ẹni ẹlẹ́ni ló ń gẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní mò ń gbìyànjú láti yára bíi ti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, torí ẹ̀ ni ìka fi ń gbé ara wọn ṣubú. Ó ní àwọn àgbà adití tí ọwọ́ wọn ti le ju tèmi lọ wà, àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ wọn yékéyéké, torí apá àti èjìká ni wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ náà, wọn kì í sì í kánjú.

A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọwọ́ ro mí débi pé òun ló bá mi so bàtà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Omi, fítámì, ẹyin, ọsàn, dígí. Kò sí ìyàtọ̀ kankan tí mo rí. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ tìbínú-tìbínú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá

Lórí pátákó iṣẹ́ oṣù Kejìlá, ẹnì kan ti fi ìlà pa orúkọ mi rẹ́. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti ṣe ìsìnkú mi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ padà. Nígbà tí mo ti ibi oúnjẹ ọ̀sán dé, wọ́n ti nù ún. Mo tún un kọ, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́tà náà wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó lójú á kà á. Ọ̀gá kọjá, ó wò ó, ó wo ìka mi tó kún fún ẹfun, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo jókòó ni mo tó ṣàkíyèsí pé mo di ṣọ́ọ̀kì náà mú lẹ́ẹ̀mejì, kò sì já bọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu.

Lónìí ni Bàbá wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù. Láti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá ló ti ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nọ́ọ̀sì wo èsì, ó pe dókítà, dókítà sì pè mí wọlé. Oògùn náà ò ṣiṣẹ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ti ń fẹ́ dì. Wọ́n bi í bóyá ó jẹ ohun tuntun kankan. Ó ní rárá, ó ń wo ilẹ̀.

Mo mọ ọkùnrin yìí. Nígbà tí a délé, mo lọ sí ojú fèrèsé ilé ìdáná. Ìgò fítámì K, tí mo rò pé kò sẹ́ni tó ṣí i, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń lo èyí?"

Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Orúnkún mi náà ń dùn mí. Mo rí i pé ò ń tiraka, mo ní kí èmi náà tiraka díẹ̀."

"Ẹ ò bá sọ fún mi."

"Ò bá ní kí n má ṣe é."

Mo gbé ìgò náà sáré lọ bá apòògùn. Kò pariwo. Ó ní fítámì K kò burú, inú ewé tútù ló pọ̀ sí, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ara fi ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó ń lo irú oògùn Bàbá wọn, bó bá ń gbé e mì láìsọ fún dókítà, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ síwájú tí ẹlòmíràn sì ń fà á sẹ́yìn. Ó pe dókítà níṣojú mi, wọ́n sọ ohun tí a máa ṣe.

Ọmọ mi sunkún lórí fóònù. Mo ní kó nu ojú rẹ̀. Kì í ṣe òun ló gbé ìgò síbi tí gbogbo ọwọ́ ń dé. Èmi ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Mi ò ki ọwọ́ bọ omi. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ Bàbá wọn ni mò ń wò láti àárọ̀, bóyá ó wú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó ti ń padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ ò wú. Ọlọ́run ṣeun.

Nígbà tí a ti ọsibítù dé, mo jókòó sí pálọ̀, mi ò bọ́ bàtà. Mo gbọ́ tí omi ń dà nínú ilé ìdáná. Òun ló gbé abọ́ omi gbígbóná jáde, ó ń rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ kó má baà dà á sílẹ̀, ó gbé e síwájú mi.

Ó ní, "Tí o bá jáwọ́ nítorí mi, èmi ni màá ru ẹ̀bi rẹ̀ títí tí màá fi kú. Mi ò lágbára ẹrù bẹ́ẹ̀. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi náà gbóná jù. Mi ò sọ fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òtútù mú gan-an láàárọ̀, síbẹ̀ aago mẹ́jọ ò tíì lù tí mo fi na ìka mẹ́ta, tí ìkẹta dúró. Ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró. Mo fi han Bàbá wọn, mo fi han ẹni tó wá ka iná ìjọba, mo fi han Gbogboǹṣe láti ojú fèrèsé. Gbogboǹṣe rò pé iye ìgò tí mo fẹ́ rà ni, ó sì gbé mẹ́ta wá.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Ogún ìṣẹ́jú níwájú dígí láìdúró. Àbúrò mi ò gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tí mo parí, ó kàn gbá irun ilẹ̀ jọ, ó ní kí n máa lọ sílé lọ sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Yàrá ńlá, àga díẹ̀, fèrèsé tí kì í ṣí. Àwọn adití mẹ́ta ló jókòó gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀: obìnrin arúgbó kan tó wọ awò ojú, ọkùnrin kan tó jọ olùkọ́, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n. Ọ̀gá wa jókòó sẹ́yìn. Wọ́n tan ohùn kan lórí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tí iná jó. Iye omi, iye ìṣẹ́jú, iye oògùn. Àwọn tó yan ọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo fi èjìká gbé e. Mi ò kánjú. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá, "ogún ìṣẹ́jú lábẹ́ omi," ìka àárín mi gan. Mo rí i lójú ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ohun mìíràn ló rí. Ohùn náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Mo lè fò ó. Ẹni púpọ̀ á fò ó. Mo gbé ọwọ́ òsì, mo ní: "Iye tí mo sọ yẹn kò tọ̀nà. Màá tún un sọ." Mo ti ìka náà dìde, mo sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni mo sáré lé ọ̀rọ̀ tó ti lọ síwájú. Gbólóhùn kan já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ èyí tí ó jẹ́.

Nígbà tó parí, obìnrin arúgbó náà bi mí ìdí tí mo fi dúró, ṣé mi ò mọ̀ pé ó máa gba máàkì lọ́wọ́ mi.

Mo dá a lóhùn pé, "Ara ẹni tí iná jó ni iye náà máa bọ́ sí. Kì í ṣe ara mi."

Kò mi orí, kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá

Fítámì D mi ti gòkè, kò tíì dé ibi tí wọ́n fẹ́. Dókítà ká ìka mi, ó ní wọ́n rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní òun ò lè sọ dájú: bóyá fítámì, bóyá omi gbígbóná, bóyá eré ìka, bóyá oúnjẹ. Mo ní kó kọ agídí mọ́ ọn nínú fáìlì mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì

Mo yege. Ìwé àṣẹ ọdún márùn-ún kọ́, ti ọdún kan ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mi ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìjẹ́ pé ògbufọ̀ mìíràn gbà á lọ́wọ́ mi. Inú kọ́kọ́ bí mi. Lẹ́yìn náà mo rántí bàbá arúgbó àti oògùn rẹ̀, inú náà sì rọ̀. Ọdún kan ni wọ́n fún mi. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ó tún rí mi níwájú tábìlì yín.

Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́sàn-án. Ó ní òun ti kọ orúkọ mi sí ojú pátákó, ó sì ní kí n má bínú. Mo ní mi ò bínú. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ di òótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n pè mí láti ọsibítù: obìnrin adití kan ń rọbí, àkọ́bí rẹ̀ ni. Agbẹ̀bí fi nǹkan bo ẹnu, kò sí bí obìnrin náà ṣe lè wo ètè rẹ̀. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀ gan-an. Mo dúró sí ibi orí rẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo ní gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá yìí ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìrora dé, ó gbá ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó fún un. Gbogbo oríkèé mi ké. Èmi ò ké. Mo fi ọwọ́ òsì sọ fún un pé: mí. Rọra mí. Má tíì tì í.

Ògbufọ̀ kejì dé ní aago mẹ́wàá, a sì ń gbà á lọ́wọ́ ara wa bí òfin ṣe wí. Ìgbà tó kàn mí lẹ́yìn aago kan ni ọmọ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kíákíá, ẹ̀yìn àwọn nọ́ọ̀sì dí i lójú. Obìnrin náà jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó gbé tirẹ̀ méjèèjì sókè.

Ó ní, "Ṣé ó ń ké?"

Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ti ṣèlérí fún un. Mo ní, "Kò tíì ké."

Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìka mi. Tèmi ò kúrò lára ẹ̀yìn àwọn nọ́ọ̀sì. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà bú jáde.

Mo ní, "Ó ń ké! Ó ń ké gan-an."

Ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Ó wá bi mí báwo ni ohùn náà ṣe rí. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yìí rí láti ọdún mẹ́tàdínlógójì. Mo fetí sílẹ̀ dáadáa kí n má baà ṣì í sọ. Mo wá fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sọ ọ́ fún un: pé ó dà bí ohùn ẹni tí wọ́n lé jáde nílé rẹ̀, tí kò gbà, tó sì fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ ẹjọ́ òun.

Ó nu ojú rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn."